Káàdì Màlúù Mẹ́ta

Lẹ́tà Harlan Tesch dé ní ọjọ́ kan lẹ́yìn gbàǹjo. Bí gbogbo ará Rosendorf ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń tún un sọ fún ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n lu gbogbo màlúù bàbá rẹ̀ ní gbàǹjo, pé àárọ̀ Àbámẹ́ta ni lẹ́tà rẹ̀ wọlé láti etí adágún ńlá, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó òkúta irin. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun yọ màlúù mẹ́ta sílẹ̀, owó wọn wà lọ́wọ́ òun, òun ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ kan péré! Àwọn àgbàlagbà á mi orí, wọ́n á ní bí ayé ṣe rí nìyẹn, ohun tó yẹ kó sáré ló máa ń rá pálá.

Arlys Behnke ló mú lẹ́tà náà wọlé fún bàbá rẹ̀. Roland Behnke, bàbá rẹ̀, ni onígbàǹjo agbègbè náà, òun ló ń bá àwọn àgbẹ̀ ta ẹran àti ẹrù oko nígbà tí agbára wọn bá pin. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbé ìbọn ogun rí. Oyè tí wọ́n ń fún onígbàǹjo nìyẹn. Ó ń jẹ búrẹ́dì àti sọ́séèjì lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé.

"Bàbá, ẹ wo ohun tó dé."

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ìyẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù nígbà tó bá rántí rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì gbé awò sójú, ó ka lẹ́tà náà, ó tún un kà. Ó rọra fi búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ó ti korò lójijì.

"Tillie, Trudy, Tansy. Ìyá, ọmọ, ọmọ-ọmọ. Voight ló ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àbí?"

"Voight ni, Bàbá."

"Ká ní lẹ́tà yìí dé kí n tó gun pèpéle lánàá, ṣebí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. 'Ẹ̀yin ará, a ti yọ mẹ́ta kúrò.' Ó parí. Ohun tí mo bá kéde láàárọ̀ gbàǹjo ni gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé, kò sẹ́ni tó ń wo ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti lu òòlù..." Ó mi orí. "Ta ló máa sọ fún Ewald, bàbá ọmọ náà?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ, Bàbá."

"Rárá o. Ẹnu mi ló tà wọ́n, ẹsẹ̀ mi náà ni yóò lọ."

Arlys dúró lójú fèrèsé. Ó wo bàbá rẹ̀ bó ṣe dé fìlà tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bó ṣe wọ inú ọkọ̀, tó ń lọ tọrọ àforíjì fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

Nítorí pé Ọjọ́bọ̀ ni lẹ́tà náà dé.

Arlys ló máa ń kó lẹ́tà nínú àpótí ẹ̀bá ọ̀nà, nítorí òun ni akọ̀wé bàbá rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, oòrùn ìgbà ìwọ́wé tú sórí pápá àgbàdo bí òróró, inú rẹ̀ sì dùn nígbà tó rí ìkọ̀wé Harlan. Orúkọ tirẹ̀ ló wà lára àpò lẹ́tà náà. Ó jókòó sórí koríko níbẹ̀, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń lá oyin.

"Arlys mi," ni Harlan kọ, "mo gbọ́ pé Bàbá fẹ́ ta àwọn màlúù. Láti ìgbà tí mo ti wọ ọkọ̀ ojú omi ni èmi àti Bàbá kò ti bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí mo bá kọ̀wé sí wọn, inú iná ni wọ́n máa sọ ọ́ sí. Ìwọ ni mo bẹ̀. Bá mi sọ fún Kọ́nẹ́ẹ̀lì kí wọ́n yọ mẹ́ta yẹn sílẹ̀. Ìgò wàrà ni mo fi tọ́ Tillie dàgbà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá. Màlúù mẹ́ta tó láti fi bẹ̀rẹ̀ oko. A máa háyà ilẹ̀, èmi àti ìwọ, a máa bẹ̀rẹ̀. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹlòmíràn."

Èmi àti ìwọ. Ibẹ̀ ni ọkàn Arlys ti dúró.

Ó fẹ́ràn Harlan. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ jó níbi ìgbéyàwó ọmọ pásítọ̀, tí Harlan tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tó sì ní ilẹ̀ ilé náà ni kò tẹ́jú, kò tún sí ọkùnrin mìíràn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ti ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sí gbàǹjo, ó sì mọ bí oko ṣe ń parí. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń to ẹrù inú ilé sórí kẹ̀kẹ́ koríko ní gbangba: bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bímọ sí, àwo ìgbéyàwó, àwòrán ara ògiri, ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti dúdú. Ó mọ bí ìyàwó ilé ṣe máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ á máa yí ìkòkò rẹ̀ síwá sẹ́yìn bóyá ó ń jò. Obìnrin kan wà, Ìyá Gerlach, tó nawọ́ sókè láti ra ìkòkò kọfí ara rẹ̀ padà. Kò sẹ́ni tó bá a du ú. Àṣà wọn nìyẹn: bí onílé bá nawọ́ sí ẹrù ara rẹ̀, gbogbo ènìyàn á panu mọ́, wọ́n á ki ọwọ́ bọ àpò. Àánú ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ yẹn burú létí Arlys ju ẹkún lọ. Ó búra nínú ọkàn rẹ̀ pé láéláé, kò sẹ́ni tó máa dákẹ́ fún òun báyẹn.

Ó ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin, ó fi í sápò épíróònù rẹ̀. Mo máa fún Bàbá lálẹ́, ló sọ fún ara rẹ̀. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, ó ní àárọ̀ ni.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, wọn kò fún wàrà àwọn màlúù Tesch. Bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́jọ́ gbàǹjo nìyẹn, kí ọmú wọn lè kún dáadáa lójú oníbàárà. Igbe ìrora wọn gba gbogbo oko kan. Ewald Tesch, bàbá Harlan, kò lè fara da igbe náà. Ó lọ jókòó sórí agolo wàrà lẹ́yìn ilé, ó kọjú sí ògiri. Àwọn ọkùnrin ń yẹ ẹsẹ̀ katakata wò, àwọn obìnrin ń ta páì àti kọfí lábẹ́ igi. Arlys jókòó lórí pèpéle lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀, káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màlúù kọ̀ọ̀kan ló ní káàdì tirẹ̀, orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, bí wàrà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bí Arlys bá ṣe na káàdì sókè fún bàbá rẹ̀ ni wọ́n á fa màlúù náà wọ agbo. Bí kò bá nà án, màlúù kò ní wọlé.

Ó kan káàdì Tillie. Lẹ́tà ń jó o lára nínú àpò bí ẹyin iná.

"Arlys, ṣé o ń sùn ni?" bàbá rẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àwọn èèyàn ń dúró."

Ó na káàdì náà.

"Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará! Ìyá àgbà tó ń mú wàrà wá ju ọmọge lọ! Ta ló fún mi ní igba dọ́là? Mo ti gbọ́ igba! Ta ló máa fi ogún lé e? Ogún, ogún... Voight, ṣé eṣinṣin ló bà lé ọ ni àbí o ń mi orí sí mi?"

"Mo ń mi orí, Kọ́nẹ́ẹ̀lì!"

"Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin tí eṣinṣin ń yọ lẹ́nu, ẹ máa fa màlúù lọ sílé!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Òòlù dún. Ó ti tà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Arlys na káàdì sókè. Ti Tillie, ó lè ní òun kò ronú. Ti Trudy, ó lè ní ẹ̀rù ló ba òun. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Tansy, tó rí ojú funfun màlúù kékeré náà bó ṣe ń wá ìyá rẹ̀ kiri nínú agbo, ó mọ ohun tó ń ṣe, ó sì ṣe é.

Harlan dé lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ti sọ fún un níbi tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, kò tilẹ̀ tíì délé. Ẹnu ọ̀nà Arlys ló kọ́kọ́ yà sí, àpò ẹrù rẹ̀ ṣì wà léjìká.

"Má sọ nǹkan kan," ó wí. "Mo ti gbọ́. Ẹ̀bi mi ni."

Ọ̀rọ̀ náà gbá Arlys láyà. "Báwo ló ṣe jẹ́ ẹ̀bi rẹ?"

"Ọjọ́ méjì ni lẹ́tà yẹn fi wà lápò mi kí n tó fi ránṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni mo kọ ọ́. Ojú ń tì mí. Mo ní kí n tún ibi tí mo ti ní 'èmi àti ìwọ' kọ, kó lè dùn díẹ̀ sí i." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ká ní mo jù ú sápótí lọ́jọ́ Àìkú, á ti dé kí wọ́n tó tà. Ìkọ̀wé ni mo ń tún kọ, màlúù ń lọ. Wo òmùgọ̀!"

"Má pe ara rẹ ní òmùgọ̀."

"Kí ni kí n wá pe ara mi?"

Arlys la ẹnu. Òtítọ́ wà lórí ahọ́n rẹ̀ bí ọ̀dùnkún gbígbóná, kò lè gbé e mì, kò lè tu ú. Harlan gbé orí lé e léjìká. Òórùn epo ọkọ̀ àti omi tútù wà lára rẹ̀, ó sì ń sunkún bí ọmọdé.

"Má dá ara rẹ lẹ́bi," ni Arlys wí nígbẹ̀yìn. "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ."

Ọ̀rọ̀ òtítọ́ kan ṣoṣo tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, irọ́ ló sì fi ṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Àǹtí Leona gbé kéèkì ápù wá sí ilé ìdáná àwọn Behnke. Àbúrò ìyá Harlan ni, òun ló máa ń se oúnjẹ fún àwọn èrò gbàǹjo, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kan ní Rosendorf tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sí níbẹ̀.

"Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ẹ kọ́kọ́ jẹ kéèkì yìí kí ẹ tó sọ pé rárá. Ẹni tẹ́nu rẹ̀ kún kò lè ṣe agídí."

"Leona, má fi kéèkì rà mí. Mo mọ ohun tó gbé ọ wá. Ọmọ dáadáa ni Harlan, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ ohun tí ayé máa wí? Wọ́n á ní mo ta màlúù rẹ̀ kí n lè sọ ọ́ di ọkọ ọmọ mi. Wọ́n á ní mo fọwọ́ kan tà, mo fọwọ́ kejì gbà."

"Ta ló máa wí bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ lo máa kọ́kọ́ wí i!"

"Òótọ́ ni," Leona gbà, ó sì tún gé kéèkì sí i fún un. "Ṣùgbọ́n mi ò ní í wí i ju ọ̀sẹ̀ kan lọ."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Nígbà tó jáde lọ wo ọkọ̀ rẹ̀, Leona fa Arlys mọ́ra.

"Ti bàbá ẹ ti tán, ẹni tó ti rẹ́rìn-ín ti gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ló le. 'Ọmọ onígbàǹjo?' ló ní. 'Àwọn tó ń jẹ òkú oko bí igún?' Mo ní Meta, gbọ́ tèmi ná. Mo wá sọ fún un bí lẹ́tà ṣe dé, tí o ò tiẹ̀ dúró wọ bàtà, tí o sáré láti ẹ̀bá ọ̀nà wọlé, tí ò ń sunkún."

"Àǹtí Leona! Mo wọ bàtà. Mi ò sunkún."

"Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Alárinà kì í wọ bàtà fún ìtàn ẹ̀. Ó ti gbọ́, ó ti rọ̀. Ó ní kí o wá mu kọfí lọ́jọ́ Àìkú." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ohun tó tún mú inú ẹ̀ rọ̀ ni pé Harlan ti rí iṣẹ́ ní Milwaukee, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ẹ ò ní gbé lóko. Harlan ní Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn oko mọ́ òun, ẹ̀bi òun ló sì fi tì í. Ṣé kì í ṣe ohun tí o fẹ́ nìyẹn? Ìlú ńlá, yàrá tó móoru, kò sí ìgbẹ́ màlúù?"

Ohun tí ó fẹ́ gan-an ni. Kò sí ohun kan tó dín níbẹ̀. Bí ẹni tó jí aṣọ ni Arlys rí, tí aṣọ náà sì wá bá a lára mu rẹ́gí, tí gbogbo ènìyàn ń kí i pé ó yẹ ẹ́.

Kò sùn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ń rò ó pé bó bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Lẹ́tà kò ní ẹnu. Harlan á máa bá iṣẹ́ lọ, wọ́n á bímọ, ọjọ́ Ẹtì yẹn á di ìtàn. Ṣùgbọ́n yóò tún rò ó pé láti ọdún dé ọdún ni Harlan á máa sọ ọ́ níbi oúnjẹ, pé òun ló fi ìlọ́ra pa oko bàbá òun, àti pé òun Arlys á máa bu ọbẹ̀ sí i láwo, á máa ní kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Lọ́jọ́ Àìkú, Meta Tesch gbé ife tó dára jù jáde fún un. Obìnrin gíga ni, ojú rẹ̀ le bí ilẹ̀ ìgbà òtútù, kì í sì í rẹ́rìn-ín lásán.

"Mo ro ibi sí ọ, ọmọ mi," ó wí. "Mo ní ọmọ onígbàǹjo kò lè mọ ohun tí ẹran jẹ́ sí àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n Leona ti sọ fún mi bí o ṣe sáré. Ẹni tó sáré torí tiwa, tiwa ni."

"Mà, mi ò..."

"Mu kọfí rẹ kó tó tutù. Ilé rẹ nìyí."

Aago ògiri lu márùn-ún. Ewald, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó, dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Harlan ń wo ilẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Meta wí. "Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló máa ń lọ sí ilé màlúù. Kò sí màlúù kankan níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbọ́."

Ife kọfí ọkùnrin náà ṣì kún. Arlys gbé e, ó ní òun á gbé e lọ fún un.

Ilé màlúù náà mọ́ tónítóní, ó sì tutù bí inú kànga. Orúkọ wọn ṣì wà lára pákó lókè ibi tí wọ́n máa ń so wọ́n mọ́, tí Harlan fi ọ̀dà pupa kọ nígbà èwe rẹ̀, álífábẹ́ẹ̀tì kan tóbi, ìkejì kéré. Ewald ń gbá ilẹ̀ tí kò sí ìdọ̀tí kankan lórí rẹ̀.

"Ti ilẹ̀kùn, ọmọ, kí òtútù má baà mú..." Ó wo àwọn àyè tó ti ṣófo. "Kó má baà mú èmi," ló fi parí rẹ̀.

Arlys gbé ife náà fún un. Ó gbà á, kò mu ún.

"Ṣé o mọ ohun tó ń dùn mí? Kì í ṣe títà. Àgbẹ̀ ń darúgbó, àgbẹ̀ ń tà, bàbá tèmi náà tà. Ṣùgbọ́n ọdún kan gbáko ni mo fi rò pé ọmọ mi kórìíra wọn. Mo ní ó sá fún màlúù, ó sá fún èmi. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Ó ń fẹ́ wọn. Ká ní mo gbọ́ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ká ní ẹnìkan wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, tó ní 'Ewald, ọmọ rẹ ń bọ̀ wá gba oko,' mo máa fún un ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Mi ò ní jẹ́ kó háyà." Ó fi ọwọ́ kan pákó Tillie. "Bàbá ẹ lọ bẹ Voight nítorí wa. Èèyàn dáadáa ni bàbá ẹ. Voight ní, 'Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ohun tí òòlù bá ti bà, ó ti tà.' Òótọ́ ló sọ. Lẹ́tà ló pẹ́. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi."

Arlys dúró níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò. Ó rántí àwọn èèyàn tó ki ọwọ́ bọ àpò nígbà tí Ìyá Gerlach ń ra ìkòkò rẹ̀. Òun náà ló ń dákẹ́ yìí. Ti àwọn yẹn tilẹ̀ ní àánú nínú.

Kò padà sínú ilé. Ó ní kí Ewald bá òun kí wọn, orí ń fọ́ òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ lọ sí oko Voight. Ọkùnrin náà ń fi ṣọ́bìrì kó ìgbẹ́ màlúù.

"Bí Kọ́nẹ́ẹ̀lì ló tún rán ọ," ó kígbe láti ọ̀ọ́kán, "sọ fún un pé etí mi ti kún!"

"Kò rán mi, sà. Lẹ́tà Harlan kò pẹ́. Ọjọ́bọ̀ ló dé, gbàǹjo di ọjọ́ kejì. Èmi ni mo fi pamọ́. Ó yẹ kí wọ́n ti yọ wọ́n kúrò kí ẹ tó mi orí. Ohun tí ẹ rà yẹn, kò yẹ kó dé inú agbo."

Voight fara ti ṣọ́bìrì rẹ̀.

"Bàbá ẹ mọ̀?"

"Rárá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́."

"Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni mo ń lọ láti ibí."

Ó tutọ́ sílẹ̀, ó nu ẹnu. "Tillie, ìyá àgbà yẹn, ò tiẹ̀ fẹ́ràn mi. Ó ti ta mí nípàá lẹ́ẹ̀mejì, ojú ọ̀nà ló sì máa ń wò bó bá ń ké. Sọ fún ọmọ náà kó wá kó wọn kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Iye tí mo rà wọ́n ni mo máa gbà, kò lé, kò dín."

"Ẹ ṣé gan-an, sà."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ibi tí ò ń lọ yẹn, mi ò lè bá ẹ lọ."

Harlan ń la igi ìdáná lẹ́yìn ilé, kí àwọn òbí rẹ̀ lè rí iná dá nígbà òtútù tí òun bá ti lọ. Nígbà tó rí Arlys, ojú rẹ̀ tàn.

"Ìyàwó mi! Orí tó ń fọ́ ọ lánàá ńkọ́? Ìyá mi ní kọfí òun ló le jù. Gbọ́, mo ti rí yàrá méjì tí a máa háyà ní Milwaukee, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún..."

"Fi àáké yẹn sílẹ̀, Harlan."

"Kí ló dé? Ṣé ẹ̀rù àáké ti ń bà ọ́ kí a tó ṣègbéyàwó?"

"Jọ̀ọ́, fi sílẹ̀."

Ó fi í sílẹ̀. Arlys sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí koríko ẹ̀bá ọ̀nà dé orí káàdì kẹta. Kò sunkún, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá sunkún, Harlan á rẹ òun lẹ́kún, kò sì fẹ́ gba ìyẹn mọ́ ohun tó ti jí.

Harlan jókòó sórí ìtì igi.

"Ọjọ́bọ̀?"

"Ọjọ́bọ̀."

"O kà á tán?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á."

"Nígbà tí mo wá bá ọ tí mo ní ẹ̀bi mi ni, tí mo gbé orí lé ọ léjìká... o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé, Arlys? Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"O ò fi nǹkan kan ṣe mí. Ẹ̀rù oko ló ń bà mí. Ó ti ń bà mí láti kékeré, ó ṣì ń bà mí di bí mo ṣe dúró yìí. Mo fẹ́ ìwọ láìfẹ́ oko. Mi ò ní ìgboyà láti sọ ọ́ fún ọ, ni mo bá jẹ́ kí òòlù bàbá mi sọ ọ́. Mo ti lọ bá Voight. Ó máa dá wọn padà fún ọ ní iye tó rà wọ́n. Bàbá rẹ máa fún ọ nílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Bí mo bá kúrò níbí, màá lọ sọ fún bàbá tèmi."

Harlan gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ìbínú nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀, ìyẹn ló sì fẹ́ pa Arlys.

"Tí mo bá kó wọn wálé," ó rọra wí, "tí mo bá gbìyànjú láti gbàgbé... mi ò mọ̀ bóyá mo lè gbàgbé, ṣùgbọ́n tí mo bá gbìyànjú... ṣé wàá dúró? Ṣé wàá bá mi fún wàrà wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ni ìdáhùn tó rọrùn jù láyé. Arlys rí ara rẹ̀ nínú ilé màlúù tútù yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tó ń san gbèsè lójoojúmọ́ títí dọjọ́ ogbó, tó ń pe gbèsè náà ní ìfẹ́. Irọ́ mìíràn nìyẹn.

"Rárá," ó wí. "Lọ kó màlúù rẹ wálé, Harlan. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi nìkan ni mo máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Milwaukee. Mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe ìyàwó àgbẹ̀, mi ò sì lè ṣe ìyàwó ẹni tí mo jí oko rẹ̀. Mi ò ní fẹ́ ọ."